Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń yí ìtumọ̀ padà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 2019, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti múra sílẹ̀ láti lọ dìbò yan Ààrẹ, àjọ INEC kéde pé ìdìbò náà kò ní í wáyé lọ́jọ́ náà mọ́, ó di ọjọ́ 23. Ẹni tó bá fẹ́ sọ èyí lédè Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé: “INEC put off the election.” Àmọ́ bó bá ṣèèṣì sọ pé: “INEC called off the election,” ohun tó sọ ni pé wọ́n ti fagi lé ìdìbò pátápátá. Ẹni tó gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ á béèrè ọjọ́ tuntun. Ẹni tó gbọ́ ìkejì á jókòó sílé.

Irú ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí ni wọ́n ń pè ní “phrasal verb”. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀-ìṣe tí gbogbo èèyàn mọ̀, bíi “give”, “look”, “turn” tàbí “run”, wọ́n á so ó mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré bíi “up”, “down”, “off” tàbí “after”, ìtumọ̀ tuntun á sì jáde. “Give” ni kí a fúnni ní nǹkan, “up” sì ni òkè, ṣùgbọ́n “give up” ni kí èèyàn jáwọ́ nínú nǹkan. Ẹ wo àwọn àpẹẹrẹ mìíràn:

“She looks after her mother”: ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀.
“They turned down my application”: wọn kò fọwọ́ sí ìwé tí mo kọ, wọ́n kọ̀ ọ́.
“We ran out of fuel”: epo tán mọ́ wa lọ́wọ́.
“I ran into my teacher”: mo ṣe kòńgẹ́ olùkọ́ mi.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tòní. Samuel Johnson, tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jáde lọ́dún 1755, ti sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà pé irú àkànpọ̀ yìí ló ń fún àwọn àjèjì ní wàhálà jù lọ.

Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá ní ohun tó lè fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Èdè tiwa náà ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là. A kì í sọ pé “ó bàjẹ́ ìwé náà”. “Ó ba ìwé náà jẹ́” là ń wí. Bí a bá sì fi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ dípò ìwé, a ó ní “ó bà á jẹ́”. Òfin tó jọ èyí wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. A lè sọ pé “They put off the meeting” tàbí “They put the meeting off”. Ṣùgbọ́n bó bá di “it”, àárín ló gbọ́dọ̀ wà: “They put it off.” Ẹni tó bá sọ pé “They put off it” ti ṣìnà. Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣeé là: “look after her” là ń sọ, kì í ṣe “look her after”.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ láàrin wa ni “Off the light” àti “On the generator”. Láàrin ara wa, ó yéni. Nínú ìdánwò tàbí lójú ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́, “Turn off the light” àti “Turn on the generator” ló tọ́. Bákan náà, “cope with” ni, kì í ṣe “cope up with”.

Ó yẹ ká tún mọ ibi tí oríṣìí kọ̀ọ̀kan yẹ. “Put off” àti “put up with” dára lẹ́nu láàrin ọ̀rẹ́. Nínú lẹ́tà sí iléeṣẹ́, “postpone” àti “tolerate” sábà máa ń bá a mu jù.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kọ́ wọn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kó kọ́ wọn pọ̀ nínú gbólóhùn. Bó bá sì fẹ́ wá “put off” nínú ìwé atúmọ̀ èdè, abẹ́ “put” ni kó wò. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí: ohun tí gbogbo gbólóhùn ń wí ni ká dì mú.