Bacillaria àti Àríyànjiyàn Lórí Ohun tí Ń Rìn: Ewéko Ni àbí Ẹranko?

Ìrìn wà lára ohun tí a kọ́kọ́ fi ń ya ẹranko sọ́tọ̀ kúrò lára ewéko nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ ilé-ìwé ní Fìdítì tàbí Ìlọrà mọ̀ pé ewúrẹ́ ń rìn, igi ọsàn kì í rìn. Ṣùgbọ́n níbi tí odò Ògùn, tí ó ń ṣàn la ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, ti ń dà sínú ọ̀sà Èkó, tí omi odò sì ń pàdé omi iyọ̀, ohun kan ń gbé tí òfin yìí kò ká. Bacillaria ni orúkọ rẹ̀. Ara ìran dáyátọ̀mù ni.

Ojú lásán kò lè rí ẹyọ rẹ̀ kan. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi, kì í sì í dá gbé: ọ̀pọ̀ wọn ni í fara ti ara wọn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ìrìn wọn han akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò ju ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́fà lọ. Kí ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú èkejì títí wọn yóò fi nà gbọọrọ, kí ó sì tún fà wọ́n padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Bacillaria ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, láìjá kúrò lára ara wọn.

Otto Friedrich Müller, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1786, lẹ́yìn ikú rẹ̀, kà á mọ́ ẹranko. Kò yani lẹ́nu. Ohun tí ó ń rìn ni ó rí. Ní 1838, Ehrenberg ará Jámánì ṣì fi dáyátọ̀mù sí àárín àwọn ẹranko tí ó ní wọ́n ní ikùn púpọ̀. Ikùn náà kò sí níbẹ̀ rárá. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Kützing, ará Jámánì bákan náà, kà wọ́n mọ́ ewéko. Lónìí, àwọn onímọ̀ kò fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ bí ewé.

Kí ni ó wá ń gbé wọn rìn? Èèpo ara wọn, tí ó jẹ́ irú ohun tí a fi ń ṣe gíláàsì, ní ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohun yíyọ̀ ń gbà jáde. Lábẹ́ ojú ìlà náà ni fọ́nrán actin wà. Ní 1999, Poulsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oògùn tí ń ba actin jẹ́ dán dáyátọ̀mù mìíràn wò. Ìrìn rẹ̀ dúró. Actin yìí àti myosin ni wọ́n ń fa iṣan apá olùkọ́ tí ó di ẹyọ ìgbálẹ̀ mú.