Wáyà Tí Wọ́n Ń Ta Lókè

Ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, ọdún 1938. Ìlú Baden-Baden, ní agbègbè Baden, orílẹ̀-èdè Jámánì, lábẹ́ ìjọba Nazi.

Aago méje àárọ̀. Ọlọ́pàá kan dé ẹnu ọ̀nà olùkọ́ kan, Arthur Flehinger. Ó ní kó tẹ̀ lé òun lọ sí àgọ́. Nígbà tó débẹ̀, ó bá àwọn ọkùnrin mìíràn tí wọ́n ti kó jọ. Ojúlùmọ̀ rẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Júù ni gbogbo wọn.

Aago méjìlá kù díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣí. Wọ́n tò wọ́n, ẹ̀ṣọ́ wà lọ́tùn-ún, ẹ̀ṣọ́ wà lósì. Wọ́n ń rìn la ìgboro kọjá. Àwọn tó wà níwájú gbé ìràwọ̀ Dáfídì ńlá kan dání. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i lára láti fi wọ́n ṣẹ̀sín: Ọlọ́run, má kọ̀ wá sílẹ̀. Èrò dúró ń wòran. Lẹ́yìn kọ́tìnnì àwọn fèrèsé kan, Flehinger rí àwọn tó ń sunkún.

Ọ̀sán. Wọ́n dé òpópónà Stephanienstraße, níwájú sínágọ́gù wọn. Ọdún 1899 ni wọ́n ti ṣí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ pàṣẹ pé kí àwọn ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ọkùnrin Júù kì í ṣí orí sílẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n wọlé. Flehinger gbójú sókè. Ní bálíkónì tí àwọn obìnrin máa ń jókòó sí, àwọn ọmọ ogun SS ti ẹgbẹ́ Nazi ń ta wáyà. Ọwọ́ wọn ń yá kánkán. Kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin náà kọ orin ẹgbẹ́ Nazi. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n pe Flehinger síbi tí wọ́n ti máa ń ka Tórà, wọ́n na ìwé Hitler sí i pé kó kà á. Ó kà á jẹ́jẹ́. Ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbá a lọ́rùn.

Ọ̀sán ń rọ̀. Wọ́n ti kó wọn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí. Iná sọ ní sínágọ́gù. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wáyà yé Flehinger.

Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àgọ́ ìfìyàjẹni Dachau ni ọkọ̀ náà ń lọ.

Flehinger yè é, ó sì sá lọ sí England. Láàárín ọjọ́ mélòó kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1938 yẹn, ó lé ní 1,400 sínágọ́gù àti yàrá àdúrà tí àwọn Nazi bà jẹ́. Ní Kippenheim, ní Baden kan náà, ògiri sínágọ́gù kò wó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sọ ilé náà di ilé ìkẹ́rù àgbẹ̀, kí wọ́n tó tún un ṣe fún ìrántí.

Ti Baden-Baden kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí Flehinger dúró kàwé sí lọ́jọ́ náà di ibi ìgbọ́kọ̀sí.