Onígbáméjì: Ìtàn Oró Tí Ń Fa Omi Ara Gbẹ

Ní Ìlobù, ọ̀rọ̀ odò àti ọ̀rọ̀ ìlera kò jìnnà sí ara wọn rí. Erinlẹ̀ tí àwọn ará ìlú náà ń bọ ni odò tí ó ń ṣàn lọ pàdé Ọ̀ṣun. Òun náà ni ọdẹ, òun náà sì ni oníṣègùn. Omi odò àti ọta inú rẹ̀ ni àwọn olùsìn ń kó sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń bọ ọ́. Kò ṣòro fún ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ láti gbà pé omi ni ẹ̀mí. Ohun tí ó pẹ́ kí gbogbo ayé tó mọ̀ ni bí omi ṣe lè gbé ikú wọ inú ènìyàn, kí omi kan náà sì tún jẹ́ oògùn ikú ọ̀hún.

Àrùn kọ́lẹ́rà ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Onígbáméjì ni Yorùbá ń pè é: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Àwọn tí ó sọ ọ́ ní orúkọ yìí kò ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ rí, èyíinì ni pé omi ni aláìsàn ń pàdánù. Ní ọ̀rúndún 19, ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù ṣì ń fà lára ẹni tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀!

Filippo Pacini ará Ítálì ti rí kòkòrò àrùn yìí ní 1854, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí. Robert Koch ará Jámánì ni ó wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Calcutta ní 1884. Koch fura pé oró ni kòkòrò náà fi ń ṣọṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí oró ọ̀hún fi hàn. Ó tó ọdún 75 lẹ́yìn rẹ̀ kí ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan, Sambhu Nath De, tó rí i. De so apá kan nínú ìfun ehoro pa ní ìhà méjèèjì. Ó sẹ́ omi tí kòkòrò náà ti gbé, bí ẹni ń sẹ́ ògì, títí kò fi ku kòkòrò kankan níbẹ̀. Ó wá fa omi sísẹ́ náà sínú ìfun tí ó so. Ìfun náà kún fún omi, ó wú. Oró nìkan ni ó ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí ó ni ín kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìwé ìròyìn Nature tẹ iṣẹ́ yìí jáde ní 1959. De kú ní 1985, kò gba ẹ̀bùn Nobel. Bóyá ìdí rẹ̀ ni pé ayé kò tètè mọ ohun tí ó ṣe.

Kòkòrò yìí kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara ìfun ni ó ń lẹ̀ mọ́, tí ó ń tu oró rẹ̀ sí. Oró náà ní ipa méjì: èkíní ń di ara ìfun mú, èkejì ń wọ inú rẹ̀ lọ, á sì ṣí ojú ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà jáde sílẹ̀ gbayawu; omi á tẹ̀ lé iyọ̀. Ẹni tí ó bá mú gidigidi lè pàdánù omi tí ó tó lítà 1 láàárín wákàtí kan. Ojú á jìn, ohùn á há, ara á tutù. (Ní 1996 ni Waldor àti Mekalanos fi hàn pé oró náà gan-an kì í ṣe ti kòkòrò yìí látilẹ̀wá: fáírọ́ọ̀sì kan ni ó gbé e fún un.)

Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà tí oró yìí kò lè dí. Bí ṣúgà àti iyọ̀ bá jọ dé inú ìfun, wọn á jọ wọlé, omi á sì bá wọn wọlé. Ní 1968, àwọn oníṣègùn ní Dhaka fi èyí wo aláìsàn kọ́lẹ́rà. Ní 1971, Dilip Mahalanabis lò ó láàárín àwọn ogunléndé ní Bangaon nígbà tí omi tí wọ́n ń fà sí iṣan kò tó; ikú tí ó ti tó 30 nínú 100 wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 4.

Ọdún náà gan-an ni onígbáméjì ń jà ní Nàìjíríà. Àjàkálẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Indonéṣíà ní 1961 ti dé Gínì ní August 1970, ó sì wọ Èkó ní ìparí ọdún náà. Ní 1971, ènìyàn 22,931 ni a kà pé ó mú, 2,945 sì kú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1973 ni àpérò ìlera àgbáyé pàápàá fagi lé ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà fún arìnrìn-àjò.

Bí olùkọ́ bá kọ 1991 sí ẹ̀gbẹ́ 1971 lójú pátákó, yóò rí ohun tí ó bani nínú jẹ́. Ní 1991, ó mú 59,478, ó pa 7,654. Nínú ọdún méjèèjì, nǹkan bí 13 nínú 100 ni ó kú. Kí ni ogún ọdún ìmọ̀ wá ṣe? Omi oníyọ̀-oníṣúgà kì í ṣe àṣírí mọ́ nígbà náà. Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ìlera, ìkéde rẹ̀ sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ṣì gbà pé ẹni tí ó ń yàgbẹ́ kò yẹ kí ó mu omi, ilé ìwòsàn jìnnà, omi mímọ́ kò sì kárí. Ní 2021, 111,062 ni a fura sí pé ó mú, 3,604 ni ó kú: ó lé díẹ̀ ní 3 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ìtọ́jú bá tètè dé, kò yẹ kí ó pa ẹyọ kan nínú 100.

Lítà 1 omi mímọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú etí ṣíbí, kí iyọ̀ má sì pọ̀ jù. Èyí ni aláìsàn yóò máa mu díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, títí wọn yóò fi gbé e dé ibi tí a ti lè fa omi sí i lára.