Ọmọ àgbàtọ́ àti ọmọ tí òbí tọ́: Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ìbánigbépọ̀?

Ǹjẹ́ ọmọ àgbàtọ́ lè mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣeré, bí a ṣe ń dúró de àyè ẹni àti bí a ṣe ń parí ìjà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó dàgbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀? Ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Bucharest, olú-ìlú Romania, lọ́dún 2000 ti tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè yìí.

Kí ló fa ìwádìí náà?

Nígbà tí ìjọba Nicolae Ceaușescu ṣubú lóṣù Kejìlá ọdún 1989, àwọn ọmọ tó lé ní 100,000 ló wà nílé ìtọ́jú ọmọ ìjọba. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sùn, ṣùgbọ́n àwọn olùtọ́jú kò tó nǹkan, wọ́n sì ń pààrọ̀ ara wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n yan ọmọ 136, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin oṣù 6 sí 31. Wọ́n ṣẹ́ kèké: ìdajì lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́, ìdajì yòókù wà lábẹ́ ètò ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá. Wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí òbí tọ́ nílé ní ìlú kan náà.

Kí ni wọ́n rí?

Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún 8, wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé. Àwọn tó dé ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ kí wọ́n tó pé oṣù 20 kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọmọ tí òbí tọ́. Àwọn tó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé inú ìdáhùn ni ìkókó ti ń kọ́ ìbánigbépọ̀. Ó ké, a gbé e; ó rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín sí i.

Kí ni òfin sọ?

Nígbà tí Romania ṣe òfin lọ́dún 2004, òfin náà kò gbà nígbà náà kí a fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 sílé ìtọ́jú, àyàfi èyí tó bá ní àìlera tó le. Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 la ọ̀nà sílẹ̀ fún ìgbàtọ́.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà fún alágbàtọ́?

Yorùbá ní ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ. Ìwádìí yìí kò ta ko òwe náà, ṣùgbọ́n láàrin igba ènìyàn ọ̀hún, ìkókó nílò ẹnì kan pàtó tí yóò mọ̀ ní tirẹ̀. Bí ọmọ bá sì pẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe pè é ní aláìgbọràn. Sùúrù àti àkókò ni ẹ fi kún un.