Ẹ̀jẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀: Ẹjọ́ Lindy Chamberlain ní Ọsirélíà

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e dé kóòtù, ìfura lásán ló fi rọ́pò ẹ̀rí. Ẹjọ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí tún le ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní àwọn ní ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì fọwọ́ sí. Ẹ̀rí ọ̀hún gan-an ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Michael Chamberlain, pásítọ̀ ìjọ Adventist, àti Lindy ìyàwó rẹ̀ pàgọ́ sí ẹ̀bá Uluru, àpáta pupa ńlá tó wà ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà. Azaria ọmọ wọn, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ń sùn nínú àgọ́. Lindy sáré débẹ̀, ó sì figbe ta pé dingo, ajá ìgbẹ́ ilẹ̀ náà, ti gbé ọmọ òun lọ. Lóru ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn Anangu, ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n mọ ipasẹ̀ ẹranko bí àwọn ọdẹ wa ṣe mọ̀ ọ́n, bá wọn tọpasẹ̀ dingo lórí yanrìn. Wọ́n rí ibi tó ti ń wọ́ nǹkan lọ, àti ibi tó ti gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tí àmì aṣọ híhun hàn sórí yanrìn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rí aṣọ ọmọ náà nítòsí àpáta, láìsí òkú. Ní oṣù Kejì ọdún 1981, Denis Barritt, adájọ́ tó wádìí ikú náà, sọ pé dingo ló gbé ọmọ lọ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ará ìlú kò gbà. Wọ́n ní Lindy kò sunkún tó lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tún ń sọ ọ́ kiri pé Azaria túmọ̀ sí ẹbọ nínú aginjù, bẹ́ẹ̀ ohun tó túmọ̀ sí lédè Hébérù ni pé Ọlọ́run ti ràn wá lọ́wọ́. Àwa tí à ń kọ́ nípa orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní kíláàsì mọ ohun tó túmọ̀ sí láti fi orúkọ ọmọ ba ìyá rẹ̀ lórúkọ jẹ́.

Nígbà tí ẹjọ́ dé Darwin ní ọdún 1982, agbẹjọ́rò ìjọba ní Lindy gbé ọmọ lọ sínú ọkọ̀, ó fi àlùmọ́gàjí gé e lọ́rùn, ó sì gbé òkú rẹ̀ pamọ́ sínú báàgì kámẹ́rà. Kò sí òkú, kò sẹ́ni tó rí i, wọn ò sì lè sọ ìdí tí ìyá fi máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé ẹjọ́ náà dúró ni aṣọ àti ẹ̀jẹ̀. James Cameron, ọ̀jọ̀gbọ́n láti Lọ́ńdọ̀nù, ní ohun tó mú ló gé aṣọ náà, kì í ṣe eyín ajá. Joy Kuhl ní òun rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó nínú ọkọ̀ wọn, tó tiẹ̀ fọ́n sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, àwọn ará ìlú méjìlá tó gbọ́ ẹjọ́ dá Lindy lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n fún un, pẹ̀lú oyún nínú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló bí ọmọ náà. Ó gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ náà, àwọn adájọ́ mẹ́ta ní kò jàre, àwọn méjì ní ó jàre.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe oògùn àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ sọ pé oògùn ọ̀hún nìkan kò tó láti fi mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó ni tàbí ti àgbà. Ìgbà tí àwọn olùgbèjà Lindy fẹ́ wo gíláàsì àyẹ̀wò, ilé àyẹ̀wò ti dà wọ́n nù. Èyí tó fọ́n sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Ohun tí wọ́n ń fọ́n sí ara ọkọ̀ nílé iṣẹ́ kí ariwo má baà pọ̀ ni. Wọ́n rí irú rẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ Torana mìíràn tí kò sí ọmọ kankan tó kú sínú wọn. Mount Isa, ìlú tí wọ́n ti ń wa bàbà, ni ìdílé náà ń gbé, eruku bàbà sì lè mú kí àyẹ̀wò dáhùn bíi pé ẹ̀jẹ̀ ló rí. Ní ti aṣọ, Les Smith fi hàn pé eyín ajá lè gé e bí ìgbà tí àlùmọ́gàjí gé e.

Ìgbà tí súwẹ́tà jáde ni ọ̀rọ̀ yí padà. Lindy ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ òun wọ súwẹ́tà kékeré lé aṣọ yòókù, wọn ò gbà á gbọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1986, wọ́n ń wá òkú arìnrìn-àjò kan tó já bọ́ láti orí Uluru, wọ́n sì kan súwẹ́tà náà nítòsí ibùba dingo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n dá Lindy sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Morling tú ẹ̀rí yẹn palẹ̀ lọ́dún 1987, ilé ẹjọ́ sì fagi lé ẹ̀bi náà ní ọdún 1988.

A ò sọ pé sáyẹ́ǹsì ò dára o. Sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe ló padà gba obìnrin yìí sílẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé láti alẹ́ àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń ka ilẹ̀ ti ka òótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò tẹ̀wọ̀n tó ti ẹni tó wọ aṣọ funfun nílé àyẹ̀wò.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2012, Elizabeth Morris, adájọ́ tó ṣe ìwádìí ikú náà lẹ́ẹ̀kẹrin, kéde pé dingo ló pa Azaria. Wọ́n wá fún àwọn òbí rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí ikú tuntun.