Ará Iwájú Tó Jìn sí Kòtò: Ìtàn Ìwé Atọ́nà àti Ìgbé-Ayé Ẹgbẹ́ Nínú Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bí a ti sábà máa ń lo òwe yìí, ará ẹ̀yìn ni ó ń fojú ara rẹ̀ wò, tó sì ń gbọ́n. Ẹni tó jìn kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Bí ó bá jókòó, tó kọ ibi tí kòtò náà wà sílẹ̀, bí ó ti jìn tó, àti ọ̀nà tí a lè gbà yẹra fún un? Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pépà yìí dá lé lórí: ìwé atọ́nà tí àwọn eléré géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ fún ara wọn.

Géèmù tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti àdáta. Eléré kọ̀ọ̀kan máa ń gbé ipa ẹ̀dá kan wọ̀, ó lè jẹ́ jagunjagun, oníṣègùn tàbí oníṣòwò, nínú ayé kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá lọ sùn, ayé náà kò sùn. Èrò wa ni pé ìwé atọ́nà inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ju ìrànwọ́ fún eré lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni; òun ni ó so ẹgbẹ́ ró; bí eré bá sì kú, òun ni ó máa ń kù gẹ́gẹ́ bí ìtàn.

Ìmọ̀ tó wà lórí nìkan

Ní ọdún 1978, Roy Trubshaw, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ géèmù kan tó pè ní MUD. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀ rárá. Eléré yóò tẹ ibi tó ń lọ, kọ̀ǹpútà yóò sì fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe ohun tó wà níbẹ̀. Ní 1980, Richard Bartle gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí kì í ṣe ọmọ yunifásítì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà wọlé ta á. Ẹni tó bá kó àmì jọ dé góńgó yóò di oṣó, yóò sì ní agbára lórí àwọn yòókù.

Nínú irú ayé yìí, ẹni tó mọ ibi tí ìṣúra wà ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Èyí fún eléré ní ìdí láti fi ìmọ̀ pamọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Bartle kọ pépà kan jáde ní 1996 lórí àwọn eléré, ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn tó ń lépa ipò, àwọn tó ń lépa ìmọ̀ nípa ayé inú eré, àwọn tó ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀, àti àwọn tó fẹ́ràn láti ni ẹlòmíràn lára. Ní ojú tèmi, ibi tí ẹ̀yà kejì àti ẹ̀kẹta ti pàdé ni ìwé atọ́nà ti wáyé. Ẹni tó mọ nǹkan, tó sì fẹ́ kí ènìyàn wà lọ́dọ̀ òun, yóò kọ́ni.

Láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọ̀wẹ̀

Ní 1995, Jeff Veasey dá ibùdó GameFAQs sílẹ̀ láti kó ìwé atọ́nà jọ sí ojú kan. Lẹ́tà àti àmì orí kíbọọ̀dù nìkan ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ibẹ̀ ń lò. Wọ́n tilẹ̀ ń fi wọ́n ya máàpù. Ọ̀pọ̀ ìwé náà wà fún géèmù àdáta, nítorí náà ẹnì kan lè dá kọ odindi ìwé parí.

Nígbà tí EverQuest jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta ọdún 1999, nǹkan yí padà. Ayé inú rẹ̀ tóbi púpọ̀, géèmù náà kò sì fún eléré ní máàpù. Àwọn eléré fọwọ́ ara wọn ya máàpù, wọ́n pín in fún ara wọn. Lórí ibùdó tí wọ́n ń pè ní Allakhazam, ẹni tó rí idà yóò kọ ọ́, ẹni tó yanjú àlọ́ kan yóò ṣàlàyé rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì tún àṣìṣe ṣe. Ojú ẹnì kan kò lè rí gbogbo rẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ ni èyí, kì í ṣe àáró. Nínú àáró, bí mo bá ro oko rẹ lónìí, o jẹ mí ní oko tèmi lọ́la. Ẹni tó kọ ìwé atọ́nà kò lè béèrè gbèsè lọ́wọ́ ẹni tó kà á. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọlá àti ìdùnnú pé ẹgbẹ́ ń tẹ̀síwájú ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́, ẹ̀kọ́ àti àjàkálẹ̀ àrùn

World of Warcraft jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2004. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, àwọn eléré ti dá WoWWiki sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ̀wé. Nínú ihò iná tí wọ́n ń pè ní Molten Core, ogójì eléré ni ó lè jùmọ̀ wọlé. Bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, gbogbo wọn lè kú. Nítorí náà, kíka ìwé atọ́nà di ojúṣe kí ẹgbẹ́ tó pàdé. Kò sì yẹ kí a fi aburú rẹ̀ pamọ́: ọ̀jẹ̀-wẹ́wẹ́ tí kò tíì kàwé lè di ẹni ìtanù, ìdùnnú àwárí sì dín kù fún ẹni tó ti ka ìdáhùn kó tó rí ìbéèrè.

Ohun tí ìwé kò tíì mọ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005. Àrùn kan tí wọ́n pè ní Corrupted Blood, tí wọ́n ṣe fún ojú ìjà kan ṣoṣo, ràn dé inú àwọn ìlú ńlá inú géèmù náà. Àwọn kan ń wo ẹlòmíràn sàn, àwọn kan sá kúrò nílùú, àwọn kan sì ń mọ̀ọ́mọ̀ tàn án kálẹ̀. Ní 2007, Eric Lofgren àti Nina Fefferman kọ nípa rẹ̀ nínú The Lancet Infectious Diseases, nítorí pé ìwà àwọn eléré lè kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ nípa àjàkálẹ̀ àrùn gidi.

Àpẹẹrẹ tó kan àwa olùkọ́ jù ni EVE Online, tí ilé-iṣẹ́ CCP ní ilẹ̀ Iceland gbé jáde ní 2003. Nínú géèmù yìí, jíja ẹlòmíràn lólè bófin mu. Síbẹ̀, ní 2004, àwọn eléré fúnra wọn dá EVE University sílẹ̀ níbẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ fún ẹni tuntun, tó ní kíláàsì àti olùkọ́ tí kò gba owó oṣù. Níbi tí olè ti pọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ti hù.

Ta ló ni ìwé náà?

Géèmù ní olówó, olówó sì lè tì í pa. Star Wars Galaxies bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, àwọn tó ni ín yí òfin eré náà padà pátápátá. Iṣẹ́ tí eléré lè yàn láàyò, tó lé ní ọgbọ̀n tẹ́lẹ̀, di mẹ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà di àtijọ́ lójijì. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2011, wọ́n pa sáfà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń gbé nínú ayé yẹn lónìí yóò yíjú sí ohun tí àwọn eléré kọ. Láìmọ̀, ẹni tó kọ ìwé ìrànwọ́ ti di òpìtàn.

Ilé tí ìwé wà pẹ̀lú ní onílé. WoWWiki kó lọ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ Wikia ní 2007. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé rẹ̀ kó jáde, wọ́n dá Wowpedia sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn tó ń kọ wiki ti RuneScape, géèmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ṣe bákan náà. Wọ́n lè kó ìwé wọn dání nítorí pé àṣẹ tí wọ́n fi kọ ọ́ gba ẹnikẹ́ni láyè láti dà á kọ.

Àgbálọgbábọ̀

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí TP. Wọ́n ń bá kíláàsì tó kún àkúnya pàdé, wọ́n ń bá ọmọ tí kò gbọ́ èdè ìkọ́ni pàdé, wọ́n ń wá ọgbọ́n dá sí i. Lẹ́yìn náà, a ó fún wọn ní máàkì, a ó kó fáìlì wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀wọ́ tó ń bọ̀ yóò sì lọ jìn sí kòtò kan náà.

Àbá tí pépà yìí mú wá kò gba owó púpọ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé atọ́nà TP kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dé fúnra wọn kọ, ní èdè tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kí àwọn tó ń bọ̀ máa tún un ṣe. Kí orúkọ òǹkọ̀wé wà lára rẹ̀, kí ó má sì di ohun ìní ẹnì kan. Bí àwọn tí kò mọ ara wọn bá lè ṣe èyí nítorí eré, ó yẹ kí àwa tí a fi ìkọ́ni ṣe iṣẹ́ lè ṣe é nítorí ọmọ. Kòtò kò ní tán lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ará iwájú ti lè sọ̀rọ̀.