Ìdánwò Tí A Fi Ń Dán Ara Wa Wò

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń ná owó ẹyọ, ọmọdé kò ní láti dé ilé-ìwé kí a tó dán an wò nínú ìṣirò. Márùn-ún márùn-ún ni a ń ka owó náà. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyí ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, èyí ni 20,000. Bí ìyá bá fi ọmọ sí ìdí owó, tí ọmọ náà sì ṣì í kà, kì í pẹ́ kí ó tó mọ̀. Kí ọjà tó tú ni àdánù yóò ti hàn, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò sì ti kà á.

Nígbà tí ìwé dé, ọ̀nà ìdánwò yí padà. Ní ọdún 1933 ni a dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, ìlú tí kò jìnnà sí Ìlawẹ̀. Ní àkókò náà, láti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè ìdánwò ìwé mẹ́wàá ti ń wá. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó ìwé ìdáhùn padà lọ, oṣù púpọ̀ a sì kọjá kí èsì tó dé. Nígbà tí ó bá dé, yóò sọ bí ọmọ ti ṣe sí nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n kò ní sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí WAEC ni a dá sílẹ̀ ní 1952, iṣẹ́ náà sì wá sí ìtòsí díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀ dídúró de èsì kò tán. Ọ̀nà gígùn yìí kò dí àwọn akíkanjú lọ́wọ́ ṣá: Adégòkè Olúbùmmọ̀, ọmọ Òrìn-Èkìtì, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yunifásítì Durham ní 1955, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn.

Àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Ní 2013 ni ó kọ́kọ́ gbé ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, nígbà tí ó sì di 2015, kò sí ẹni tí ó tún ń fi bébà ṣe é mọ́. Ìbéèrè 40 ni ti ìṣirò nínú rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga fi yíjú sí ìbéèrè àdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Ìlawẹ̀ lónìí, ọmọ tí ó ti oko dé lè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó dáhùn 40 lórí fóònù kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, kí ó sì gba máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ìdí owó ẹyọ. Mo yin nǹkan yìí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ṣùgbọ́n àdánù ti ọjà kò sí nínú rẹ̀, kò sì sí ojú ìyá. Ìdáhùn mẹ́rin ni a máa ń tò sí abẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ẹni tí kò mọ ohunkóhun, tí ó kàn ń tọ́ka, lè rí nǹkan bí 10 gbà nínú 40.

Ọmọbìnrin kan nínú ẹbí wa gbé fóònù rẹ̀ wá fi hàn mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti gba 38. Inú mi dùn. Ọ̀kan nínú ìbéèrè náà sọ pé obìnrin kan ra iṣu ní 4,000 náírà, ó sì tà á ní 5,000. Èló ni èrè rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún? A to 20, 25, 80 àti 100 sí abẹ́ rẹ̀. Èrè náà jẹ́ 1,000. Ẹni tí ó bá fi iye tí ó tà á pín in yóò rí 20, yóò sì rò pé òun gbà á, nítorí pé ẹni tí ó ṣètò ìbéèrè mọ̀ pé àwọn kan yóò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi 20 síbẹ̀ dè wọ́n. (Èmi náà ti jìn sí ọ̀fìn yìí rí.) Iye tí ó rà á ni a fi ń pín in, ìdáhùn sì ni 25.

Mo mú bébà, mo yí iye owó padà: ó rà á ní 6,000, ó tà á ní 7,200. Mo ní kí ó ṣe é.

Ó ní, "B ni, sà."

Mo bi í pé, "B wo?" Kò sí B lórí bébà mi.

Ó wo bébà náà títí. Ìgbà márùn-ún ni ó ti ṣe ìdánwò kan náà, lẹ́tà ìdáhùn ni ó sì há sórí. Ìdánwò JAMB ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni a sì ń ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ rò ó wò: bí kò bá sí ẹni tí ó yí iye owó iṣu padà fún un, inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni ìbá ti mọ̀, ọdún kan ìbá sì bá a lọ.

N kò bá a wí. Mo ní kí ó wá ìbéèrè tí kò rí rí, kí ó fi ọwọ́ bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó ṣe ìṣirò náà tán nínú ìwé kí ó tó ṣí wọn wò, kí ó sì kọ gbogbo èyí tí ó bá ṣì sí ojú ewé kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìdí tí ó fi ṣì í. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó gba 17. Ó gbé e wá fi hàn mí, kò bò ó.